Àgbẹ̀ Ni Yóò Kọ́ Àgbẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Yatenga àti Maradi

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìjọba tí ó ti jẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, ìbáà ṣe ti òyìnbó amúnisìn tàbí ti àwa fúnra wa, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti ń dé ni ó ń ṣèlérí pé òun yóò kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tí ó dára jù, kí ìgbé-ayé ará oko lè sàn. Owó púpọ̀ ni a ti ná lórí ìlérí yìí. Ẹ̀rọ ti wọ oko, àwọn onímọ̀ ti wọ oko, ìwé sì ti kún inú àpótí ìjọba. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣì wà tí ó ń fẹ́ ìdáhùn: ta ni ó yẹ kí ó kọ́ àgbẹ̀, ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí ó gbà kọ́ ọ, tí ẹ̀kọ́ náà kò fi ní bá olùkọ́ padà sílé?

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ibi méjì tí kò jìnnà sí wa. Ó wà ní Yatenga, ní àríwá orílẹ̀-èdè Burkina Faso; ó sì wà ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, tí ó múlé gbe Katsina tiwa. Òjò kò pọ̀ ní ibi méjèèjì, aṣálẹ̀ Sàhárà kò sì jìnnà sí wọn. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá lè jí ilẹ̀ tí ó ti kú dìde, ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ oko ká lára ní Nàìjíríà jókòó, kí ó gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀RỌ WỌ YATENGA

Ní ọdún 1960 ni Upper Volta, tí ó yí orúkọ padà di Burkina Faso ní 1984, gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé. Nígbà náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ Yatenga ti ń ṣá. Àwọn Mossi tí ń gbé ibẹ̀ pọ̀ níye. Ilẹ̀ kò sì tó mọ́ tí àgbẹ̀ yóò fi fi apá kan sílẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kí ó lè sinmi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn baba wọn. Òjò tí ó bá rọ̀ ń gbá erùpẹ̀ oko lọ.

Láàrin ọdún 1962 sí 1965, a gbé iṣẹ́ ńlá kan dìde tí a ń pè ní GERES, pẹ̀lú owó àti ìmọ̀ àwọn ará Yúróòpù. Katapílà wọ inú oko. A fi erùpẹ̀ mọ ebè gígùn gígùn láti dá àgbàrá dúró, lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 120,000 hẹ́kítà. Ní ojú ẹni tí ó mọ ìṣirò, iṣẹ́ náà gún régé. Ohun kan ṣoṣo ni a gbàgbé: a kò bi àgbẹ̀ tí ó ni oko léèrè. Àgbẹ̀ kàn rí i tí ebè gba àárín oko rẹ̀ kọjá ni. Kò mọ ìdí rẹ̀, kò sì kà á kún tirẹ̀. Nígbà tí àgbàrá ya ebè wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó tún wọn mọ. Ọdún kò gorí ọdún púpọ̀ kí iṣẹ́ tí katapílà ṣe tó padà di ilẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yatenga nìyẹn. A fá orí àgbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

ILẸ̀ TÍ Ó TI KÚ

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá dé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dáwọ́ dúró títí di 1973. Kànga gbẹ, ẹran ọ̀sìn kú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí Ivory Coast láti máa gba iṣẹ́ ṣe ní oko kòkó àti oko kọfí. Àwọn tí ó kù sílé ń wo bí ilẹ̀ wọn ti ń di ohun tí àwọn Mossi ń pè ní zipélé: ilẹ̀ tí ó ti gan bí àpáta, tí omi òjò ń sáré lé lórí lọ láì wọ inú rẹ̀, tí koríko pàápàá kì í hù níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Yacouba Sawadogo, ará abúlé Gourga lẹ́bàá ìlú Ouahigouya. Ọdún 1946 ni a bí i. Ní èwe rẹ̀, a rán an lọ sí ilé-kéwú ní orílẹ̀-èdè Mali. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń tajà nínú ọjà Ouahigouya. Ní nǹkan bí 1980, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sá kúrò ní oko, Sawadogo palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì padà sí oko.

Ọ̀nà tí ó mú, ọ̀nà àtijọ́ ni. Àwọn Mossi ń pè é ní zaï. Láyé àtijọ́, bí apá kékeré kan nínú oko bá gan, àwọn baba wọn a máa gbẹ́ ihò kéékèèké sí i kí omi lè rí ibi wọlé. Sawadogo mú ihò náà fẹ̀ sí i, ó mú un jinlẹ̀ sí i, ó sì da ìgbẹ́ ẹran àti ewé tí ó ti jẹrà sínú rẹ̀. Ó ṣe é kọjá apá kékeré kan. Gbogbo ilẹ̀ tí ó ti kú ni ó gbẹ́ káàkiri. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ yòókù ti gbé ọkọ́ kọ́. Àwọn ará abúlé wò ó títí, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn kan tilẹ̀ dáná sí igbó tí ó ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀, tí ọkà hù níbi tí ọkà kì í hù, àwọn tí ó pè é ní wèrè ni ó padà wá bi í léèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

BÍ ZAÏ TI Ń ṢIṢẸ́

Ó tọ́ kí a ṣe àlàyé iṣẹ́ yìí yékéyéké. Ihò kan kì í fẹ̀ ju 20 sí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, kì í sì í jìn ju 10 sí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Hẹ́kítà kan lè gba ihò 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ tí a bá wú ni a ń kó sí ìsàlẹ̀ ihò, ní ìhà ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí ó lè dá omi dúró. Lẹ́yìn èyí ni a óò da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀, tí a óò sì máa retí òjò.

Kí òjò náà tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tí kò gba owó yóò ti wọlé: ikán ni. Òórùn ìgbẹ́ àti ewé ni ó ń fà wọ́n wá. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lu ilẹ̀ gígan náà ní ihò tóótòòtó, tí wọ́n sì ń kó ọ̀rá ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, omi kò tún ní sáré lọ mọ́. Yóò jókòó sínú ihò, yóò sì gba ọ̀nà ikán wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọkà bàbà tàbí jéró tí a bá gbìn sínú ihò náà yóò lè fara da ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí òjò bá fi dá. Èso igi tí ó wà nínú ìgbẹ́ ẹran pẹ̀lú yóò hù. Bí àgbẹ̀ bá dá wọn sí, oko ọkà yóò di oko igi pẹ̀lú.

Níbi tí a kì í ti í rí ẹyọ ọkà kan he tẹ́lẹ̀, hẹ́kítà kan lè mú 300 sí 400 kílò wá ní ọdún tí òjò kò dára. Ní ọdún tí òjò bá dára, ó lè tó 1,500 kílò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó jẹun ní ilé rẹ̀ àti ẹni tí ó kó ẹrù lọ sí Ivory Coast nìyẹn.

BÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ TI TÀN

Kò sí katapílà kan tí ó tan zaï kálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni ó tan án. Láti ọdún 1984 ni Sawadogo ti ń pe ọjọ́ ọjà kan ní oko rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ọ̀kan lẹ́yìn ìkórè, ọ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ láti abúlé púpọ̀ ń wá. Wọ́n ń gbé irúgbìn wá, wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sì ń fi ojú ara wọn rí ohun tí ihò zaï lè ṣe. Kò sí ìwé kíkà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó wọ tàì. Oko ni ilé-ẹ̀kọ́, ọkà tí ó yọ sì ni ìwé-ẹ̀rí.

Ní abúlé Somyaga, àgbẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Ousséni Zoromé dá ilé-ẹ̀kọ́ zaï sílẹ̀ ní 1992. Ilẹ̀ olókùúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ni òun àti àwọn tí ó ń kọ́ mú. Nígbà tí ọkà so níbẹ̀, gbogbo ẹni tí ń kọjá ni ó ń rí i. Mínísítà ètò ọ̀gbìn pàápàá gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 2001, ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ju 20 lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn sì ti ju 1,000 lọ. Òfin wọn kò le: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú ilẹ̀ kan tí ó ti kú, yóò sì jí i dìde.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo iṣẹ́ òkúta. Ẹgbẹ́ aláàánú Oxfam bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yatenga ní 1979. Èrò wọn àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn àgbẹ̀ máa gbin igi. Àwọn àgbẹ̀ ní ọkà ni àwọn ń fẹ́. Àwọn onímọ̀ náà gbọ́, wọ́n sì yí èrò wọn padà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń lọ déédéé. Àṣà kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí àgbẹ̀ to òkúta sí oko láti dá àgbàrá dúró, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba. Ohun tí a fi yanjú ìṣòro náà kò ju rọ́bà omi gígùn kan tí ojú ń rí inú rẹ̀ lọ. A ó rọ omi sínú rẹ̀, a ó so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi méjì. Ènìyàn méjì yóò sì máa gbé e rìn nínú oko. Níbi tí omi bá ti dúró sí ipele kan náà lára igi méjèèjì, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dọ́gba, ibẹ̀ ni a ó sì to òkúta sí. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè mọ̀ ọ́n lò láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà katapílà kan. Àgbẹ̀ lè mú un lò nígbà tí ó bá fẹ́, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní 1989, a kó àgbẹ̀ 13 láti àgbègbè Illéla ní orílẹ̀-èdè Niger lọ sí Yatenga láti lọ wo iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí zaï, wọ́n rántí pé irú rẹ̀ ti wà ní ilé wọn rí, tí wọ́n ń pè ní tassa, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á tì. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì dán an wò ní ọdún náà lórí hẹ́kítà 4 péré, tí apá kan rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá. Ní ọdún kejì ó di hẹ́kítà 70. Ọdún 1990 yẹn gan-an ni òjò kò dára, oko tí a gbẹ́ tassa sí ni ó sì mú ohun tí ó níláárí wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí ó tún ń bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó wá kọ́ iṣẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ra ilẹ̀ gígan tí wọ́n ti ń ta nù tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó ara wọn jọ láti máa gbẹ́ ihò fún olóko lówó ọ̀yà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìrìn-àjò náà jẹ́. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ènìyàn 13 ni. Ta ni ó lè ka iye hẹ́kítà tí owó kékeré yẹn ti rà padà lọ́wọ́ aṣálẹ̀?

IGI TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ ILẸ̀ NÍ MARADI

Ní Maradi, ọ̀rọ̀ igi ni ó gba iwájú. Òyìnbó ará Ọsirélíà kan, Tony Rinaudo, tí ó bá iṣẹ́ míṣọ́nnárì wá síbẹ̀, ń gbin igi lọ́dọọdún, igi náà sì ń kú lọ́dọọdún. Ní 1983, ó fiyè sí i pé àwọn igbó kéékèèké tí ó kún inú oko kì í ṣe koríko. Kùkùté igi ni wọ́n. Gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń rúwé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni àgbẹ̀ ń ṣán an tí ó sì ń dáná sun ún kí ó tó gbin ọkà. Igbó ńlá kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó rí i.

Iṣẹ́ tí ó kù kò ju pé kí àgbẹ̀ yan ẹ̀ka díẹ̀ tí ó tọ́ lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí ó gé ìyókù, kí ó sì dá ohun tí ó yàn sí. Kò sí irúgbìn tí a ń rà, kò sí omi tí a ń bù. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní 1984, a fi oúnjẹ san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ó bá dá igi sí ní oko wọn, ọ̀pọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ dán an wò. Wọ́n rí i pé igi ń dá atẹ́gùn dúró kí ó má baà fi iyanrìn bo èéhù ọkà. Ewé rẹ̀ ń bọ́ ẹran, ó sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Igi kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní gawo, tí ó máa ń wọ́wé nígbà òjò, tí ó sì ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣíji bo ọkà nígbà tí ọkà ń fẹ́ oòrùn, ó sì ń fún ẹran ní ewé nígbà tí koríko ti tán. Àwọn obìnrin pẹ̀lú rí ìsinmi, nítorí pé igi ìdáná tí wọ́n ń rin ọ̀nà jíjìn wá tẹ́lẹ̀ ti wà ní oko ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn tí ó fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn iṣẹ́ náà ṣírò rẹ̀ pé ní gúúsù Niger, ó ti tàn dé nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà, pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 200 igi. Ẹnu àgbẹ̀ sí etí àgbẹ̀ ni ó gbé e tàn dé ibi tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà.

ÒFIN NI OLÙKỌ́ KEJÌ

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọkọ́ àti àdá, tí ó di ti ìjọba. Láti ayé àwọn òyìnbó Faransé ni òfin ti sọ igi di ti ìjọba ní Niger, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé oko ẹni ni ó ti hù. Àgbẹ̀ tí ó bá gé e láì gba ìwé àṣẹ, owó ìtanràn ni yóò san fún ẹ̀ṣọ́ igbó. Kí ni ọlọ́gbọ́n àgbẹ̀ yóò ṣe bí ó bá rí igi kékeré tí ń yọ ní oko rẹ̀? Yóò hú u kí ó tó dàgbà di ẹjọ́ sí i lọ́rùn. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo igi ni ó ń pa igi.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ igbó ní Maradi gbà láti dẹwọ́ òfin náà ní àwọn ọdún 1980, àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá igi sí, nítorí ó mọ̀ pé òun ni yóò gé e, òun ni yóò sì tà á. Òfin igbó tuntun ti ọdún 2004 fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i lórí igi oko rẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù keje 2020, ìjọba Niger fi àṣẹ pàtàkì kan fi ìdí iṣẹ́ dídá igi sí yìí múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, òfin sì tẹ̀lé e. Bí òfin kò bá tẹ̀lé e, ẹ̀kọ́ náà ì bá má pẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé òfin kò tẹ̀lé e ńkọ́? Ẹ padà wo Sawadogo. Igbó tí ó fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún gbìn, tí irú igi inú rẹ̀ lé ní 60, wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Ouahigouya. Nígbà tí ìlú ń fẹ̀, ìjọba fẹ ààlà ìlú wọ inú rẹ̀, wọ́n sì gé apá kan nínú ilẹ̀ náà fún ilé kíkọ́. Ọkùnrin tí gbogbo ayé yìn, tí ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì dá lọ́lá ní 2020, ń bẹ̀bẹ̀ kiri nítorí igbó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 2023.

A kò gbọdọ̀ fi ìṣòro yòókù pamọ́. Gbígbẹ́ ihò zaï lórí hẹ́kítà kan lè gba nǹkan bí wákàtí 300. Bí ènìyàn kan bá ń fi wákàtí 5 gbẹ́ ilẹ̀ lójúmọ́, ọjọ́ 60 nìyẹn nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò ní ẹran kò ní ìgbẹ́ ẹran, ẹni tí kò ní ọmọ nílé kò sì ní ọwọ́ tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Bákan náà, láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ogun àwọn agbébọn ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò ní abúlé wọn ní àríwá Burkina Faso. Zaï kò lè dá ìbọn dúró. Níbi tí kò bá sí àlàáfíà, ọgbọ́n oko kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

NÀÌJÍRÍÀ ŃKỌ́?

Àwa náà ti gbìyànjú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ láti nǹkan bí 1959 lọ, ní Akúfọ̀, Ìlọrà àti ibòmíràn, kí àwọn ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé lè di àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́. A kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, a kọ́ ilé fún wọn, a sì yá wọn lówó, ní àwòṣe àwọn abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Èrò náà ga, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń lọ lórí ẹnì kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn díẹ̀ nìkan fi lè jẹ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì padà kúrò ní ibùdó. Àgbẹ̀ abúlé kejì, tí ó ti ń roko kí a tó bí àwọn ọmọ náà, ẹ̀yìn ọgbà ni ó ti ń wò wọ́n.

Láti 1975 ni ètò ADP tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ní Funtua, Gusau àti Gombe, kí ó tó tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ń gun alùpùpù lọ sí abúlé, wọ́n ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí owó àyálò náà tán ní àwọn ọdún 1990, agbára iṣẹ́ náà rọ gidigidi. Ní 2015, òfin dá àjọ Ògiri Aláwọ̀ Ewé sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ 11 tí ó wà ní ìhà aṣálẹ̀, láti Kebbi àti Sókótó dé Borno àti Adamawa. Síbẹ̀, àwọn àwòrán sátẹ́láìtì ti fi hàn pé ní àwọn ibì kan lẹ́bàá ààlà, igi inú oko pọ̀ ní ìhà Niger ju ìhà tiwa lọ. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí ìhà méjèèjì, èdè Hausa kan náà ni wọ́n ń sọ. Niger kò lówó tó wa. Kí wá ni ó fa ìyàtọ̀?

Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí àgbẹ̀ Oǹdó tàbí ti Ẹ̀kìtì lọ gbẹ́ ihò zaï; òjò tiwọn ju ti Yatenga lọ fíìfíì, ìṣòro tiwọn sì yàtọ̀. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ni ni ó yẹ kí a yá. Ohun mẹ́ta ni ó sì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba gbogbo, láti ìjọba ìbílẹ̀ dé Àbújá.

Èkíní, kí a máa kó àgbẹ̀ lọ wo oko àgbẹ̀. Láti Katsina dé Maradi kò tó ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Láti abúlé tí kòkó ti ń gbẹ dé abúlé tí kòkó ti ń so dáadáa, ó lè má ju owó ọkọ̀ àárọ̀ kan lọ. Kí àwọn obìnrin wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ irúgbìn àti ti ìkórè ní ọ̀pọ̀ ilé.

Èkejì, kí olùkọ́ tí ìjọba rán mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn baba àgbẹ̀ ń ṣe ní ilẹ̀ náà, kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀. Zaï, òkúta títò, kùkùté igi: kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ti òkèèrè wá. Ìmọ̀ onímọ̀ wúlò gidigidi; rọ́bà omi ti Oxfam jẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúlò nítorí pé ó wá ran ọgbọ́n tí ó wà nílẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, a óò san owó ohun ọ̀gbìn àti ohun tí ó kọ́ sórí rẹ̀ fún un. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò, àfi owó ilẹ̀ tí ó san ní ọdún náà. Ẹni tí ó fi ogún ọdún jí ilẹ̀ gígan dìde, ta ni yóò san owó ogún ọdún náà fún un? Títí òfin yóò fi dáhùn ìbéèrè yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò lè sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó tọ́jú ilẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, kí ó sì gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àkókò ìbò kì í pẹ́ yí padà. Bí ẹni tí ń wá ìbò bá dé abúlé yín tí ó ṣèlérí tirakítọ̀ àti ajílẹ̀, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ sì bi í léèrè ohun méjì. Ẹ bi í pé, lọ́jọ́ tí tirakítọ̀ náà bá bàjẹ́, ìmọ̀ wo ni yóò kù lọ́wọ́ àgbẹ̀? Ẹ tún bi í pé, igi tí àgbẹ̀ bá tọ́ dàgbà àti ilẹ̀ tí ó bá jí dìde, ti ta ni? Ẹni tí ó bá lè dáhùn méjèèjì láì fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni ó mọ ọ̀nà oko. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àgbẹ̀, kí ó lọ kọ́ ọgbọ́n.